Mo lọ sí Ivrea, ìlú tí wọ́n ti ṣe táípúráítà bàbá mi

Ọmọ_Akọ̀wé | Mọ́ńdè, 8:14 alẹ́

Ẹ kú déédéé ìwòyí, ẹ̀yin ará ilé. Turin ni mo ń gbé láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Ní Sátidé tó kọjá mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Ivrea, ìlú kékeré kan tó wà ní nǹkan bí 50 kìlómítà sí àríwá Turin, níbi tí ilẹ̀ pẹrẹsẹ ti parí tí àwọn òkè Alps ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọrí. Ìrìn nǹkan bíi wákàtí kan ni. N kò mọ ẹnì kankan níbẹ̀, n kò sì ní ohun tí mo fẹ́ rà. Táípúráítà bàbá mi ló gbé mi lọ.

Akọ̀wé kóòtù ni àwọn ará àdúgbò wa ń pe bàbá mi, ṣùgbọ́n ìjọba kọ́ ló gbà á síṣẹ́. Abẹ́ igi odán kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòtù n'Íbàdàn ni tábìlì rẹ̀ wà. Olivetti Lettera 32 ló wà lórí tábìlì náà, àwọ̀ rẹ̀ wà láàárín búlúù àti ewé. Ìwé ìbúra, ìwé àdéhùn ilẹ̀, lẹ́tà ìwáṣẹ́, lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ sí onílé, orí ẹ̀rọ yẹn ni gbogbo wọn ti ń jáde. Bó bá táìpù Yorùbá tán, á yọ ìwé náà, á mú bírò dúdú, á wá máa fi àmì sí abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ lọ́kọ̀ọ̀kan, torí pé ẹ̀rọ náà kò ní wọn. Èmi ni mo máa ń jókòó tì í, tí mo ń fi ìka han ibi tó bá fò. Ẹ̀rọ yẹn ló rán àwa ọmọ mẹ́rin níléèwé.

Nígbà tí mo wá kà á pé Ivrea ni Olivetti ti bẹ̀rẹ̀, tí mo sì rí i pé kò jìnnà sí mi rárá, ọkàn mi kò balẹ̀ mọ́ títí mo fi lọ.

Ibùdókọ̀ kò jìnnà sí òpópónà kan tí wọ́n ń pè ní Via Jervis. Guglielmo Jervis tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ́ jẹ́ ẹnjiníà ní Olivetti. Nígbà ogun, ó dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń bá ọmọ ogun Násì jà lórí òkè, wọ́n mú un, wọ́n sì yìnbọn pa á ní 1944. Ojú òpópónà yìí ni ilé bíríkì pupa tí Camillo Olivetti fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1908 ṣì wà. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ilé onídígí kan ti gbà á, dígí láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ń lọ, ó ń lọ, ẹsẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ro mí kí n tó dé òpin rẹ̀. Mo gbé ojú lé dígí, mo wo inú. Gbọ̀ngàn gbalasa ni. Kò sí ẹ̀rọ, kò sí èèyàn, ìmọ́lẹ̀ nìkan ló kún ibẹ̀. Mo dúró pẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìlú yìí, ẹ jọ̀ọ́, irú ìlú wo ni? Mo fẹ́ padà lọ, mo sì fẹ́ ní ọ̀rọ̀ gidi tí mo máa sọ fún bàbá mi lórí fóònù.

Ìyá_Ìbejì | Mọ́ńdè, 9:02 alẹ́

Ọmọ Akọ̀wé, ẹ kú ìrìn. Apá kan ìlú náà lẹ rí, ẹ kò tíì rí èkejì.

Ọdún mẹ́rin ni mo fi gbé Ivrea, mò ń tọ́jú ìyá àgbà kan. Odò Dora Baltea tó ń ṣàn bọ̀ láti orí òkè ló pín ìlú náà. Ẹ̀gbẹ́ tí ẹ dé ni ti fákítírì. Bí ẹ bá sọdá afárá, ìlú àtijọ́ ló wà lọ́hùn-ún: ọ̀nà tóóró, ilẹ̀ olókùúta, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá lókè, àti ilé olódi tí Amedeo VI ti ìdílé Savoy bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 1358. Ilé ìṣọ́ roboto mẹ́rin ló ní, pupa ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ọ̀kan kò ní orí. Ní 1676, àrá sán lu ibi tí wọ́n kó ẹ̀tù ìbọn sí, ó sì gbé orí rẹ̀ lọ. Títí di 1970, ọgbà ẹ̀wọ̀n ni wọ́n ń fi ilé yẹn ṣe. Ìlú náà sì ti wà tipẹ́tipẹ́ kí wọ́n tó kọ́ ọ, àwọn ará Róòmù ló tẹ̀ ẹ́ dó ní ọdún 100 ṣáájú ìbí Jésù, Eporedia ni wọ́n ń pè é nígbà náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìyá tí mo tọ́jú, òun ló jẹ́ kí n mọ ìlú náà. Láti ìgbà ọmọge ló ti ń ṣiṣẹ́ ní Olivetti. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tún ọwọ́ irin tó ń gbé lẹ́tà ṣe, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo lẹ́tà lè dúró lórí ìlà kan náà tí ẹ̀rọ bá tẹ̀ wọ́n. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti fẹ̀yìn tì. Síbẹ̀, bí mo bá ti ọjà dé, á gba rísíìtì lọ́wọ́ mi, á gbé e sókè sójú fèrèsé, á di ojú kan, á máa wò ó. Mo kọ́kọ́ rò pé ó ń ṣọ́ owó rẹ̀ ni. Kì í wo owó. Ìlà ló ń wò.

Ó sọ fún mi pé nígbà tí òun bí àkọ́bí òun, oṣù mẹ́sàn-án àbọ̀ lòun fi wà nílé tí owó sì ń wọlé. Nígbà tóun padà síṣẹ́, ilé ìtọ́jú ọmọ ti ilé iṣẹ́ ló gba ọmọ náà, àwọn nọ́ọ̀sì sì wà níbẹ̀. Èmi tí mo bí ìbejì tí mo padà síṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ẹkún ni mo lọ sun ní kíṣìnnì lọ́jọ́ tó sọ ọ́.

Bàbá_Kóòtù | Túsìdeè, 6:40 àárọ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́. Abẹ́òkúta ni mo wà. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi táìpù jẹun, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára.

Níléèwé tí a ti kọ́ ọ, aṣọ ni wọ́n fi ń bo ọwọ́ wa kí a má baà rí lẹ́tà. Ọ̀gá á máa ka ìwé, àwa á máa tẹ̀, agogo á máa dún ní òpin ìlà bí ìgbà tí ilé ìjọsìn mẹ́wàá jọ ń pe èèyàn. Ẹ̀rọ tí mo kọ́kọ́ lò, irin gidi ni. Méjì ni wá tá a máa ń gbé e láti inú yàrá bọ́ sí gbangba. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí Olivetti kékeré yẹn lọ́wọ́ akọ̀wé kan tó wá láti Èkó, inú àpò tó ní síìpù ló gbé e sí, ó fà á lọ́wọ́ kan bí ẹni tó ń lọ kí àna. Mo ní ṣé nǹkan ìṣeré ni? Ó jókòó, ó tẹ ojú ìwé mẹ́ta, mo sì kí i pé o káre.

Ta ló ronú irú nǹkan bẹ́ẹ̀? Mo ti ń bi ara mi láti ìgbà yẹn.

Adé_Ìṣirò | Túsìdeè, 12:25 ọ̀sán

Bàbá, ẹ kú àgbà. Ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú láti dáhùn.

Marcello Nizzoli ni orúkọ ẹni tó ya àwòrán rẹ̀. Lettera 22 ló kọ́kọ́ jáde ní 1950. Ó gba Compasso d'Oro, ẹ̀bùn Ítálì fún ohun tí wọ́n ya àwòrán rẹ̀ dáadáa, ní 1954, èyí tó jẹ́ ọdún tí wọ́n dá ẹ̀bùn náà sílẹ̀, ó sì wà nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé iṣẹ́ ọnà òde òní ní New York títí di òní. Lettera 32 ti bàbá Ọmọ Akọ̀wé jẹ́ àbúrò rẹ̀, 1963 ló jáde.

Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ́ kí Nizzoli rí àyè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni Adriano Olivetti, ọmọ Camillo. Àwọn ayàwòrán, àwọn akọ̀wé ìtàn, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, gbogbo wọn ló gbà síṣẹ́, ó ní kí wọ́n wá jókòó ti àwọn ẹnjiníà. Láìka pé òun lọ̀gá, ó gbà gbọ́ pé bí òṣìṣẹ́ bá jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, ó yẹ kó rí ìwé kà, kó rí dókítà, kó rí ilé tó dáa gbé. Ìdí tí ilé iṣẹ́ yẹn fi jẹ́ onídígí nìyẹn. Figini àti Pollini tó kọ́ ọ fẹ́ kí ẹni tó wà nínú rẹ̀ máa rí òkè, kí ẹni tó wà níta náà sì máa rí iṣẹ́. Láàárín àwọn ọdún 1950, nígbà tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ Ítálì ṣì ń ṣiṣẹ́ ní Sátidé, Olivetti dín wákàtí kù láìdín owó kù, Sátidé sì di ti òṣìṣẹ́. Adriano fúnra rẹ̀ di olórí ìlú Ivrea ní 1956, ó wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní 1958.

Bàbá, ẹni tó ronú rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Gbogbo ìlú ló jọ rò ó.

Bọ́sẹ̀_Peckham | Túsìdeè, 7:51 alẹ́

Ẹ má bínú o. Mo fi Ivrea wá fídíò, ohun tí mo rí bà mí nínú jẹ́. Àwọn èèyàn ń ju ọsàn lu ara wọn! Ọsàn tó pọ̀ bí òkè! Ilẹ̀ di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ ọsàn. Màmá mi ta ọsàn ní Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń fi ọ̀bẹ họ ọ́ lẹ́yìn. Kí ló dé tí èèyàn ó fi máa fi oúnjẹ ṣeré báyìí?

Ìyá_Ìbejì | Túsìdeè, 9:30 alẹ́

Bọ́sẹ̀, ọ̀rẹ́ mi, ohun tí mo sọ lọ́jọ́ kìíní gan-an lo sọ yìí. Jẹ́ kí n ṣàlàyé, tí kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, o lẹ́tọ̀ọ́.

Ọdún wọn ni. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko, láti Sunday títí di Túsìdeè, kí Ọjọ́rú Eléérú tó dé. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé olóyè ìkà kan wà nígbà láéláé tó sọ pé gbogbo ìyàwó tuntun nílùú, ọ̀dọ̀ òun ni yóò kọ́kọ́ sùn. Ó kan ọmọbìnrin ẹnì kan tó ń lọ ọkà, Violetta lorúkọ rẹ̀. Ọmọbìnrin náà gbé idà pamọ́, ó bẹ́ olóyè náà lórí, ó sì gbé orí náà dé ojú fèrèsé kí ìlú rí i. Ni ìlú bá dìde, wọ́n dáná sun ilé olódi rẹ̀.

Àwọn tó wà nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ni wọ́n ṣe bí ọmọ ogun olóyè náà, awọ nípọn ni wọ́n fi bo orí àti ojú. Àwọn tó wà nílẹ̀ ni ìlú, ẹgbẹ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n, wọn kì í bo ojú rárá. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí wọ́n lu òun, á dé fìlà pupa gígùn kan. Ọdún kìíní n kò mọ̀. Mo jáde lọ ra búrẹ́dì láìdé fìlà, ọsàn kan bá mi léjìká, ibẹ̀ dúdú fún ọ̀sẹ̀ kan. Ọdún kejì, fìlà ni mo kọ́kọ́ rà.

Ní ti ọsàn náà, gúúsù Ítálì ni wọ́n ti ń kó o wá, pàápàá èyí tí ọjà kò gbà. Tí wọ́n bá parí, wọ́n á gbá gbogbo rẹ̀ jọ, wọ́n á fi ṣe ajílẹ̀. Òórùn rẹ̀ kì í kúrò lára ògiri kíá, ọsàn àti ìgbẹ́ ẹṣin pọ̀ mọ́ra. Wọ́n sì máa ń se ẹ̀wà sínú ìkòkò ńlá lójú òde fún gbogbo èèyàn, ẹ̀wà olóyinbó pẹ̀lú awọ ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n á se é mọ́jú. Mo jẹ ẹ́, mo tún bù sí i.

Bọ́sẹ̀_Peckham | Túsìdeè, 9:48 alẹ́

Ẹ ṣé, Ìyá Ìbejì. Ìtàn ọmọbìnrin yẹn wọ̀ mí lọ́kàn. Ti ọsàn, n kò tíì gbà. Oúnjẹ ni.

Tólú_Milan | Ọjọ́rú, 10:05 àárọ̀

Mọremí wọn nìyẹn! Obìnrin kan tó gba ìlú lọ́wọ́ ìpọ́njú, tí wọ́n wá ń fi ọdún rántí rẹ̀. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń yan obìnrin kan tí yóò ṣe Violetta, wọ́n á sì fi orúkọ rẹ̀ pamọ́ títí di alẹ́ Sátidé tó máa yọ sí bàlíkóní. Mo wà níbẹ̀ lọ́dún kan. Nígbà tó yọ, tó wọ aṣọ funfun, ariwo tí ìlú pa, mo rò pé ilẹ̀ fẹ́ lanu.

Ọmọ_Ilé_Ifẹ̀ | Ọjọ́rú, 1:17 ọ̀sán

Tólú, mo bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Violetta gba ara rẹ̀ là, ìlú sì là mọ́ ọn. Mọremí mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí wọ́n mú òun lẹ́rú ni, ó lọ bá ọ̀tá gbé títí ó fi mọ àṣírí wọn. Nígbà tí Ifẹ̀ ṣẹ́gun tán, odò Ẹsìnmìrìn bèèrè Olúorogbo, ọmọ bíbí inú rẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀. Bí a bá ń ṣe Ẹdì, ayọ̀ àti ọ̀fọ̀ ló jọ ń rìn. Ṣé ti àwọn ará Ivrea ní ọ̀fọ̀ nínú?

Ìyá_Ìbejì | Ọjọ́rú, 8:20 alẹ́

Ó ní o. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti alẹ́ Túsìdeè.

Ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, wọ́n máa ń ri òpó gíga kan mọ́lẹ̀, ewé gbígbẹ ni wọ́n fi wé e yípo. Wọ́n á dáná sun wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí iná bá gun òkè kíá, inú wọn á dùn. Lẹ́yìn ti ìkẹyìn, fèrè àti ìlù á yí ohùn padà, á di ohùn òkú. Àwọn tí wọ́n ti ń pariwo láti ọjọ́ mẹ́ta á dákẹ́ lọ, wọ́n á máa fa ẹsẹ̀ rìn tẹ̀lé ìlù náà. Níparí, wọ́n á kí ara wọn ní èdè Piemonte, ìyẹn èdè ìbílẹ̀ agbègbè wọn, pé “Arvëdse a giòbia a 'n bòt”, ìyẹn ni pé ó di Tọ́sìdeè ní aago kan. Tọ́sìdeè ti ọdún tó ń bọ̀ ni wọ́n ń sọ.

Ìyá tí mo tọ́jú kò lè sọ̀kalẹ̀ mọ́ nígbà tí mo wà níbẹ̀. Á ní kí n ṣí fèrèsé láìka òtútù sí, kóun lè gbọ́ ìlù. Bí wọ́n bá ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn nísàlẹ̀, òun náà á sọ ọ́ sókè, á wá ní kí n tì í.

Adé_Ìṣirò | Ọjọ́bọ̀, 12:40 ọ̀sán

Mo fẹ́ fi nǹkan kan kún ti Olivetti kó má baà dà bíi pé táípúráítà nìkan ni.

Ní 1959 wọ́n gbé Elea 9003 jáde, kọ̀ǹpútà ńlá tó kún yàrá. Mario Tchou, ọmọ ará Ṣáínà tí wọ́n bí sí Róòmù, ló ṣáájú iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn náà ni ibi wá ń tẹ̀lé ibi. Ní oṣù kejì 1960, Adriano kú nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Lausanne. Ní 1961, jàǹbá mọ́tò pa Tchou. Ilé iṣẹ́ náà ti jẹ gbèsè nítorí pé wọ́n ra Underwood, ilé iṣẹ́ táípúráítà ti Amẹ́ríkà, àwọn tó ní owó níbẹ̀ wá sọ pé kọ̀ǹpútà kò lérè. Ní 1964, wọ́n ta ẹ̀ka kọ̀ǹpútà náà fún General Electric ti Amẹ́ríkà.

Àwọn díẹ̀ ló kù, Pier Giorgio Perotto ló ṣáájú wọn. Wọn kò dáwọ́ dúró. Wọ́n ṣe ẹ̀rọ kan tó lè jókòó sórí tábìlì akọ̀wé, wọ́n pè é ní Programma 101. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí New York ní 1965, àwọn èèyàn ń wo abẹ́ tábìlì bóyá wáyà wà tó so ó mọ́ ẹ̀rọ ńlá kan níbòmíràn. Ó lé ní 40,000 tí wọ́n tà, NASA, àjọ òfuurufú Amẹ́ríkà, sì wà lára àwọn tó rà á nígbà tí wọ́n ń múra Apollo 11 tó gbé èèyàn lọ sórí òṣùpá. Mo ti ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà láti ogún ọdún, kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní èyí níléèwé. Ìlú tí kò tó àdúgbò kan n'Íbàdàn ló ti wá!

Tólú_Milan | Ọjọ́bọ̀, 3:12 ọ̀sán

Bùọ̀dá Adé, òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ ìyókù. Ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ló gbé gbogbo ìlú lẹ́yìn. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, kò sẹ́ni tó gba ìlú lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tó ń gbé Ivrea sún mọ́ 30,000 láyé ọdún 1970, ó ti bọ́ sí nǹkan bí 23,000 báyìí. Ẹ̀rọ oníná kò nílò ọwọ́ tó pọ̀ bíi ti onírin. Nígbà tó di àwọn ọdún 1990, kọ̀ǹpútà wọn kò tà mọ́. Wọ́n dá ilé iṣẹ́ fóònù Omnitel sílẹ̀, òun náà ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì, Vodafone ló jẹ́ nígbà tó yá. Ní 2018 UNESCO kọ ìlú náà mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé gẹ́gẹ́ bí ìlú iṣẹ́ ti ọ̀rúndún ogún. Ó dáa. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ tí mo bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀, Turin àti Milan ni ọkàn wọn wà.

Ọmọ Akọ̀wé, tí ẹ bá padà lọ, ẹ wo àwọn ilé tí wọ́n kọ́ fún òṣìṣẹ́ ní 1971, tí wọ́n rì sínú òkè bí ihò òkété. Orí ilé náà, koríko ni, iwájú nìkan ló ní dígí. Talponia ni wọ́n ń pè é. Ẹ tún jẹ torta Novecento, àkàrà òyìnbó oní-ṣokoléètì tí wọ́n ṣe láti fi kí ọ̀rúndún ogún káàbọ̀. Ilé àkàrà kan ṣoṣo ló ní ẹ̀tọ́ sí i, ẹni tó wà nídìí rẹ̀ kò sì sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ìyá_Ìbejì | Ọjọ́bọ̀, 9:15 alẹ́

Tólú sọ òtítọ́. Àwọn ọmọ ìyá yẹn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí ọ̀kan ní Ivrea. Ìdí tí wọ́n fi pè mí nìyẹn.

Àkànní_Glasgow | Ẹtì, 11:33 àárọ̀

Ọmọ Akọ̀wé, mo ti ń ka ìjíròrò yìí láti ọjọ́ kìíní, mo sì ń lọ́ra láti sọ èyí. Ẹ dárí jì mí.

Ivrea nìkan kọ́ ni wọ́n ti ń ṣe Olivetti. Wọ́n ní ilé iṣẹ́ ní Barcelona, wọ́n sì ní ọ̀kan níbí ní Glasgow, ní Queenslie. Àgbà obìnrin kan wà nínú ìjọ wa tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kí wọ́n tó tì í. Ó ní ọ̀pọ̀ nínú ohun tí àwọn ṣe ló ń bá ọkọ̀ ojú omi lọ sí Áfíríkà. Ẹ̀rọ tó wọ Nàìjíríà nígbà náà, ọ̀nà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni púpọ̀ nínú rẹ̀ gbà. Lébẹ̀ẹ̀lì kékeré kan máa ń wà lẹ́yìn ẹ̀rọ. Ẹ ní kí wọ́n wò ó nílé.

Bàbá_Kóòtù | Ẹtì, 5:50 ìrọ̀lẹ́

Àkànní, o ṣe dáadáa tó o sọ ọ́. Èmi náà ń retí èsì.

Ọmọ_Akọ̀wé | Sunday, 7:26 alẹ́

Mo pe bàbá mi lónìí. Àbúrò mi obìnrin ló gbé ẹ̀rọ náà sórí bẹ́ẹ̀dì, ó nu eruku kúrò, ó dorí rẹ̀ kodò. Ó kà á fún mi lórí fóònù. Àkànní, òótọ́ lẹ sọ. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe é.

N kò lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Bàbá mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ogójì ọdún ni mo fi dojú kọ iwájú rẹ̀, n kò wo ẹ̀yìn rẹ̀ rí.” Mo ṣàlàyé fún un pé Ivrea ni wọ́n ti ya àwòrán rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti pinnu bí kọ́kọ́rọ́ á ṣe rí lábẹ́ ìka. Ó fara balẹ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀, mo sọ ti ilé onídígí, ti àrá, ti ọsàn. Nígbà tí mo parí, ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: ṣé wọ́n ṣì ń ta ríbọ́ọ̀nù níbẹ̀? Tirẹ̀ ti gbẹ láti ọdún mẹ́jọ, kò sì rí i rà n'Íbàdàn mọ́.

Ìyá_Ìbejì | Sunday, 8:03 alẹ́

Ẹ wá ríbọ́ọ̀nù tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mílímítà 13, òun ló bá Lettera mu. Mo bi ìyá náà léèrè lórí fóònù nísinsìnyí, ìwọ̀n yẹn ló kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kí n tó parí ọ̀rọ̀.

Ó tún ní kí n bẹ̀ yín. Tí bàbá bá ti fi ríbọ́ọ̀nù tuntun sí i, kí wọ́n táìpù ojú ìwé kan, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sóun. Òun fẹ́ wo ìlà rẹ̀.

Ọmọ_Akọ̀wé | Lẹ́yìn oṣù méjì, Ẹtì, 6:18 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo rí méjì rà ní Turin, ẹni kan bá mi mú un lọ sílé. Ojú ìwé kan ti dé láti Ìbàdàn, inú fáìlì líle ni wọ́n fi sí kó má baà rún. Bàbá mi kọ orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́rin, àdúgbò tó ti táìpù, àti àdúrà fún ìyá náà. Yorùbá ni gbogbo rẹ̀. Mo ti fi lé Ìyá Ìbejì lọ́wọ́.

Ìyá_Ìbejì | Sunday, 9:40 alẹ́

Mo dé Ivrea lónìí. Mo fi ìwé náà lé e lọ́wọ́, ó ní kí n gbé àga òun sún mọ́ fèrèsé. Ó gbé e sókè, ó di ojú kan. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní lẹ́tà “a” ti sọ̀kalẹ̀, àti pé “n” ń fẹ́ yà sọ́tùn-ún, ẹ̀rọ náà ti ṣe iṣẹ́ púpọ̀. Ìyókù dúró dáadáa.

Ó wá rí àmì tí bàbá fi bírò ṣe sábẹ́ àwọn lẹ́tà. Ó ní kí nìyí? Mo ṣàlàyé fún un pé ẹ̀rọ kò ní in, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, gbogbo ọdún tí wọ́n fi ṣiṣẹ́. Ó ní kí n bá òun mú awò ojú òun. Ó tún gbé ìwé náà sókè, ó fi èékánná tọ àwọn àmì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ ìlà dé òpin, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn. Ó ní gbogbo wọn wà lórí ìlà.